Ta Ni Ó Ni Ohùn Olórin? Hárúnà Ìṣọ̀lá, I. K. Dáíró àti Ilé-Iṣẹ́ Rẹ́kọ́ọ̀dù Star

Ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀rọ̀

Ní ọdún 1969, àwọn olórin Yorùbá méjì tí òkìkí wọn ti kàn jákèjádò ilẹ̀ pawọ́ pọ̀, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Star. Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọ̀gá àwọn alápàlà, ni ọ̀kan. Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí I. K. Dáíró, aṣáájú àwọn oníjùjú, ni èkejì. Lójú ẹni tí kò bá mọ bí iṣẹ́ àwo orin ti rí, ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ òwò lásán. Alágbẹ̀dẹ a máa ní ẹwìrì tirẹ̀, aláró a máa ní ìkòkò aró tirẹ̀. Kí ni ó wá jẹ́ ìyanu bí olórin bá ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀? Ìyanu ibẹ̀ ni pé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn Yorùbá sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ń kọrin, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ni orin inú àwo. Ìdí nìyí tí a fi sábà máa ń ka Star sí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kì í ṣe ìtàn ìgbésí-ayé olórin méjì nìkan. Ìbéèrè kan wà lábẹ́ rẹ̀: nígbà tí ohùn bá ti kúrò lẹ́nu olóhùn, tí ó wọ inú àwo, ta ni ó ni ín? Bí a bá mọ bí ìbéèrè yìí ti ṣe wáyé láàárín Yorùbá, a ó mọ ìdí tí ohun tí àwọn ọkùnrin méjèèjì ṣe fi ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ.

Bí Ohùn Ṣe Di Ọjà

Kí àwo tó dé, kò sí ẹni tí ó ń bèèrè ẹni tí ó ni ohùn. Ohùn àti olóhùn jọ ń rìn ni. Bí ọba tàbí ọlọ́rọ̀ kan bá fẹ́ gbọ́ orin, yóò ránṣẹ́ pe eléré. Eléré yóò kó onílù àti elégbè rẹ̀ wá. Wọn yóò ṣeré, a ó náwó fún wọn, wọn yóò sì palẹ̀ ìlù wọn mọ́. Oríkì tí eléré ń kì lè jẹ́ ti ìdílé, òwe tí ó ń pa lè jẹ́ ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ohùn tí ó fi gbé wọn jáde, àti ọgbọ́n tí ó fi so ọ̀kan mọ́ èkejì, ti eléré ni. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ gbọ́ ọ ní láti tún ránṣẹ́ pè é. Nípa bẹ́ẹ̀, pé ohùn kò ṣeé fi pamọ́ gan-an ni ó ń dáàbò bo oúnjẹ olórin.

Ẹ̀rọ ni ó yí èyí padà. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó gbajúmọ̀ fún orin kíkọ nínú ìjọ, kọ orin Yorùbá 43 sínú àwo ní London fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ní 1936, Túndé King, ọ̀kan nínú àwọn tí a kà sí olùpilẹ̀ṣẹ̀ orin jùjú ní Èkó, kọrin fún Parlophone. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Àyìndé Bákàrè kọrin fún HMV. Ogun Àgbáyé Kejì dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Nígbà tí ogun parí, HMV padà sẹ́nu iṣẹ́, Decca náà sì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Kò yẹ kí a bú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí nítorí pé wọ́n gba ohùn sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe tiwọn, a kì bá tí mọ bí ohùn Túndé King ti dún. Ètò iṣẹ́ náà ni kí a wò. Ilé-iṣẹ́ ni ó ni ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń yan olórin. Òun náà ni ó ń sọ bí orin yóò ti gùn tó. Ojú kan àwo ìgbà náà, èyí tí ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Orin tí eléré lè fi odidi wákàtí kan kọ fún olówó kan lágbo àríyá, ó di dandan kí ó gé e kúrú kí ó tó lè wọ inú àwo. Lẹ́yìn èyí, a ó gbé ohun tí a gbà sílẹ̀ lọ sí òkè òkun, níbi tí a ó ti fi ṣe òǹtẹ̀ irin, òǹtẹ̀ yìí ni a ó sì fi tẹ àwo lọ́pọ̀ yanturu. Àwo yóò padà wá sí ọjà Èkó àti ti Ìbàdàn. Òǹtẹ̀ kì yóò padà wá. Ìdí òǹtẹ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Òfin àti Òǹtẹ̀

Láti 1912 ni a ti mú òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1911 wọ Nàìjíríà, èyí tí ó wà láti dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé, olórin àti oníṣẹ́-ọnà gbogbo. Òfin náà ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni orin, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ronú kàn án ti tò ó. Èkejì ni àwo tí a gba orin náà sí. Ní ti àwo, òfin sọ pé ẹni tí ó bá ni òǹtẹ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ní àkókò tí a ṣe é ni a ó kà sí ẹni tí ó dá iṣẹ́ náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò sì wà fún 50 ọdún.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa yékéyéké. Òfin kò dárúkọ ẹni tí ó kọrin. Kò dárúkọ ẹni tí ó lu ìyáàlù, tàbí àwọn tí wọ́n gbe orin. Ẹni tí ó ni òǹtẹ̀ ni ó dárúkọ. Lójú òfin, ilé-iṣẹ́ kan tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò mọ oríkì ẹnikẹ́ni, ni ó dá àwo tí a fi Yorùbá kún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òtítọ́ ni pé olórin ṣì lè béèrè ẹ̀tọ́ lórí orin tí ó fi ọpọlọ ara rẹ̀ tò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wà. Púpọ̀ nínú àwọn olórin ìgbà náà kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni a fi ń kọ ìwé àdéhùn.

Ọ̀nà méjì ni a máa ń gbà sanwó fún olórin. Ilé-iṣẹ́ lè san owó kan ṣoṣo fún un, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀, bí àwo náà tà bí kò tà. Ó sì lè ṣe ìlérí ìpín díẹ̀ lórí àwo kọ̀ọ̀kan tí a bá tà. Ọ̀nà kejì yìí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ bí a bá gbọ́ ọ létí, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú rẹ̀: ẹni tí ń tà náà ni ó ń kà. Ẹni tí ń retí ìpín kò sí níbi tí a ti ń tẹ àwo, kò sí níbi tí a ti ń dì í sínú páálí, kò sì sí níbi tí alágbàtà ti ń sanwó. Iye tí a bá sọ fún un ni yóò gbà. Bí ẹni tí ń kà bá jẹ́ olóòótọ́, ire olórin ni; bí kò bá jẹ́ olóòótọ́, olórin kò ní ohun tí yóò fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Àwọn Ọkùnrin Méjèèjì

Ọdún 1919 ni a bí Hárúnà Ìṣọ̀lá, Ìjẹ̀bú-Igbó sì ni ìlú tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Orin àpàlà tí ó yàn láàyò jẹ́ orin tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí Yorùbá. Kò ní gìtá, kò ní fèrè òyìnbó. Ìlù tí ń sọ̀rọ̀, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ni ó fi ń tú ọ̀rọ̀ kalẹ̀, òwe àti oríkì ni ó sì kún inú rẹ̀. Ní 1948, ó kọrin sínú àwo fún HMV láti fi yẹ́ Orímolúsì, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó, sí. Àwo náà kò tà. Ṣùgbọ́n kò jókòó sílé. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, láti òde ìkómọ dé òde ìwúyè, títí àwọn ọlọ́rọ̀ fi ń du ọjọ́ rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ọba náà wàjà, Hárúnà tún orin náà kọ lọ́nà tuntun ní 1955, orin tí ọjà ti kọ̀ tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá kiri.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú èyí fún ẹni tí ó bá ń ronú nípa iṣẹ́ olórin. Ohùn Hárúnà ní 1948 àti ohùn rẹ̀ ní 1955, ohùn ẹnì kan náà ni. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ni ó sọ ọ́ di ènìyàn láàárín ọdún méje náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ àti àwọn tí ó gbọ́ ọ lójúkojú ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ti wá tó ohun tí a lè tà, àwo ni a ń tà, àwo náà kò sì sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀.

Ní ti I. K. Dáíró, Ọ̀fà ni a bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe káfíńtà fún ilé-iṣẹ́ rélùwéè, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ìlú wọn. Bàbá rẹ̀ gan-an ni ó fi igi gbẹ́ ìlù fún un nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ó ṣe iṣẹ́ gẹ̀rígẹ̀rí, ó sì ṣe iṣẹ́ mìíràn lóríṣiríṣi kí orin tó bọ́ ọ. Ní 1957 ó dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀, èyí tí ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Blue Spots nígbà tí ó yá. Òun ni ó mú àkọ́díọ̀nù gbajúmọ̀ nínú orin jùjú, ó fi kún gìtá àti gángan, ó sì da ohùn orin ìjọ Aládùúrà pọ̀ mọ́ ohùn orin Ìjẹ̀ṣà títí ó fi di ohun kan. Ilé tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959 ṣí ọ̀nà fún un pẹ̀lú: ó borí nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ olórin tí a gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ní 1963, Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá, kò sì sí àwo rẹ̀ mọ́ tí kì í ru lẹ́tà mẹ́ta yìí lẹ́yìn orúkọ rẹ̀.

Bí a bá wo àwọn méjèèjì, ó ṣòro láti rí ohun tí ó jọra. Ọ̀kan jẹ́ Mùsùlùmí, èkejì jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù. Ọ̀kan ń kọrin àwọn Ìjẹ̀bú, èkejì ń kọ ti Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀kan kọ ohun-èlò òyìnbó sílẹ̀, èkejì gbà á mọ́ra. Àwọn tí ń jó sí ti ọ̀kan lè má ra àwo ti èkejì rárá. Ohun tí ó dà wọ́n pọ̀ ni ipò tí àwọn méjèèjì wà: olórúkọ ni wọ́n, orúkọ wọn ń mú owó wọlé, bẹ́ẹ̀ ni àwo tí orúkọ náà wà lára rẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Àwọn àgbà ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ọwọ́ méjì yìí ni ó gbé Star.

Ọdún 1969

Àkókò tí wọ́n yàn kì í ṣe àkókò ìdẹ̀rùn. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 kò tíì parí. Ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn fúnra rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà ń bá ìjọba jà nítorí owó-orí. Pọ́n-ùn àti ṣílè ni a ṣì ń ná. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni olórin méjì gbé owó àti orúkọ wọn lé orí ohun tí ó lè má yọrí sí rere.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù jẹ́, nítorí àwọn ènìyàn a máa rò pé ilé ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ tí ń tẹ àwo lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. A lè háyà yàrá tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù gan-an ni pé kí ó yan orin, kí ó sanwó ìgbohùnsílẹ̀, kí ó ṣe páálí tí a ó fi bo àwo, kí ó sanwó fún ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, kí ó sì gbé e dé ọwọ́ alágbàtà. Ẹni tí ó bá san owó wọ̀nyí ni ó ru ewu. Bí àwo bá kùtà, òun ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ru ewu yìí náà ni ó ni téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ tí a ti ń tẹ àwo. Títí di 1969, ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń fi dáhùn nígbà tí olórin bá ráhùn ni èyí: àwa ni a ru ewu. Hárúnà àti Dáíró kò bá wọn jiyàn. Wọ́n gba ewu náà rù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn náà fi hàn pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní 1970, ìjọba ológun Nàìjíríà gbé òfin tirẹ̀ jáde láti rọ́pò ti Gẹ̀ẹ́sì. A lè rò pé òfin tí ọmọ onílẹ̀ ṣe yóò gbé ẹ̀tọ́ àwo lé olórin lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin 1970 sọ pé ẹni tí ó bá ṣe ètò tí a fi gba orin sílẹ̀ ni ẹni tí ó dá àwo náà. Òǹtẹ̀ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ètò ti wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ó forí lé kò yí padà: ẹni tí ó ń náwó ni òfin mọ̀. Olórin tí ó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn kò jèrè púpọ̀ nínú òfin tuntun yìí. Ṣùgbọ́n olórin tí ó ni ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ṣe ètò náà, òun náà ni ó sì kọrin. Nínú Star, ẹni tí ó dá orin lójú ìran rẹ̀ àti ẹni tí ó dá àwo lójú òfin di ẹnì kan náà. Àwọn méjèèjì kò dúró de ìgbà tí òfin yóò yí padà. Wọ́n yí àyè tí wọ́n dúró sí nínú òfin padà.

Irú Rẹ̀ ní Ibòmíràn

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ìbéèrè yìí bá. Ní New York ní 1952, Charles Mingus tí ń ta gìtá ńlá olóhùn ìsàlẹ̀, Celia ìyàwó rẹ̀ àti Max Roach onílù dá ilé-iṣẹ́ Debut sílẹ̀, nítorí wọn kò fẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa pinnu irú orin jáàsì tí àwọn yóò gbé jáde. Debut kò pé ọdún mẹ́wàá kí ó tó kógbá sílé. Ní 1971, ní ìlú kan náà, Charles Tolliver tí ń fun kàkàkí òyìnbó àti Stanley Cowell tí ń tẹ dùùrù dá Strata-East sílẹ̀. Àdéhùn tiwọn ni pé olórin kọ̀ọ̀kan ni yóò máa ni téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ orin tirẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ yóò kàn máa bá a gbé e jáde.

Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a gbójú fò. Olórin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ orílẹ̀-èdè tirẹ̀ du ẹ̀tọ́. Ti Hárúnà àti Dáíró jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ọ̀rọ̀ tí ó ju orin lọ, èyíinì ni ta ni yóò máa jèrè ohun tí ilẹ̀ Nàìjíríà mú jáde lẹ́yìn òmìnira. Ní 1972, ìjọba gbé òfin kan jáde tí ó ya oríṣiríṣi òwò sọ́tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà. Ní 1977, wọ́n tún un ṣe kí ó lè le sí i. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Star fi ṣáájú òfin àkọ́kọ́ yìí. Àwọn olórin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà sí aláriyá lásán ti ṣe ohun tí àwọn aṣòfin ń bọ̀ wá pàṣẹ.

Àwọn Tí Ó Tẹ̀ Lé Wọn

Bí ènìyàn bá la ọ̀nà, àwọn mìíràn yóò gba ibẹ̀. Ní 1974, lẹ́yìn aáwọ̀ tí ó dé ilé-ẹjọ́ lórí àdéhùn, Sunny Adé kúrò lábẹ́ ilé-iṣẹ́ African Songs, ó sì dá Sunny Alade Records sílẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980, Ebenezer Obey, tí ó ti bá Decca ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ń gbé àwo jáde lórúkọ ara rẹ̀. Lágbo fújì, Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá náà di onílé-iṣẹ́ ní àwọn ọdún kan náà. Kí ọdún 1990 tó dé, ó ti di ohun tí ojú mọ̀ pé kí olórin Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ ti ró máa rí orúkọ náà láàárín àwo, níbi tí a ti máa ń rí orúkọ ilé-iṣẹ́ òyìnbó tẹ́lẹ̀.

Hárúnà Ìṣọ̀lá kò dúró síbi tí ó dé. Ní 1979, ó dá ibi ìgbohùnsílẹ̀ kan tí ń jẹ́ Phonodisk sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀rọ ibẹ̀ lè gba ohùn 24 sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí a tó dà wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i: ní 1948, ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni ó pinnu bóyá orin tí ó kọ fún ọba ìlú rẹ̀ yẹ lóhun tí a ń gbé jáde, ní 1979, ẹ̀rọ náà ti dé ìlú ọba yẹn gan-an.

Ní 1988, òfin náà wá bá wọn. Òfin tuntun tí ìjọba gbé jáde ní ọdún náà sọ pé, ní ti àwo orin, olórin tí a fi orúkọ rẹ̀ gbé àwo jáde ni ẹni tí ó dá a, àfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Òfin ti 2022 ti rọ́pò òfin yìí, ṣùgbọ́n kò dín ìtumọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kù. Ọdún 19 lẹ́yìn tí a dá Star sílẹ̀ ni òfin ilẹ̀ tó sọ ohun tí olórin méjì ti fi ìwà sọ. Hárúnà kò rí i. Ó ti kú ní 1983. Dáíró rí i. 1996 ni òun fi ilẹ̀ bora.

Ohun Tí Star Kò Yanjú

Òpìtàn kì í ṣe akígbe. Bí a ti sọ dídára ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí a sọ ibi tí ó kù sí.

Èkíní, orúkọ ni ó ń gbé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Hárúnà àti Dáíró ti lo ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn kí wọ́n tó ní agbára láti dá dúró. Ọ̀dọ́mọdé olórin tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ní owó, alágbàtà kò sì ní gba àwo rẹ̀. Nítorí náà, a kò lè sọ pé ilé-iṣẹ́ òkèèrè kò wúlò fún wọn rárá. Ohun tí a lè sọ ni pé wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ kí ọmọ kúrò lẹ́yìn ìyá.

Èkejì, ta ni à ń pè ní olórin? Ẹgbẹ́ àpàlà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹni tí ó ń fi ìyáàlù sọ̀rọ̀ ń ronú bí ẹni tí ń fi ẹnu sọ ọ́ ti ń ronú. Àwọn elégbè ni ó ń fún orin ní ẹ̀yìn. Síbẹ̀, orúkọ ọ̀gá ni ó wà lórí àwo, òfin 1988 pàápàá kò sì mọ̀ ju ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ gbé àwo jáde lọ. Ìbéèrè tí olórin bi ilé-iṣẹ́ ni onílù lè yí padà kí ó fi bi olórin. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ nípa lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù nìyí, nítorí iṣẹ́ alohùn Yorùbá kì í sábà ní ẹnì kan ṣoṣo tí ó dá a.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ tún yí padà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í ni àwo wọn ni kásẹ́ẹ̀tì dé. Àwo kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì méjì lè ṣe ẹ̀dà orin kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ayédèrú gba ìgboro. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti 1986, tí náírà ń já wálẹ̀, ohun-èlò tí a fi ń ṣe àwo wọ́n gógó, àwo ṣiṣu sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lọ́jà Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ẹni tí ó ni téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ ṣì ni ohun kan lójú òfin, ṣùgbọ́n ọjà ti kọjá lọ́dọ̀ òfin.

Ìparí Ọ̀rọ̀

Kí ni ó wá kù nínú ohun tí Star ṣe, nígbà tí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ti lọ, tí àwo fúnra rẹ̀ sì ti di ohun tí àwọn olùkójọ ń wá kiri? Ohun tí ó kù ni ọ̀nà ìronú. Láàárín Yorùbá, ohun tí a lè fi sílẹ̀ fún ọmọ ni ilẹ̀, ilé, oko kòkó, oyè àti orúkọ rere. Ohùn kò sí nínú rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí olóhùn bá kú ni ohùn rẹ̀ ń wọlẹ̀. Àwo ni ó sọ ohùn di ohun tí ó lè gbé lẹ́yìn ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n kí ohun kan tó di ogún, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tí yóò fi í sílẹ̀. Ohùn tí ó wà lábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn kì í ṣe ogún. Ìrántí lásán ni.

Nígbà tí Músílíù, ọmọ Hárúnà Ìṣọ̀lá, gbé àpàlà dìde padà láàárín àwọn ọ̀dọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún, àwọn ènìyàn sọ pé ohùn bàbá ni ó jogún. Òtítọ́ ni, nípa ti ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá rẹ̀ àti I. K. Dáíró jà fún ní 1969 ni pé kí ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òtítọ́ nípa ti òfin pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ó bá ń gbé àwo àpàlà tàbí jùjú lọ sí kíláásì láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè àti àṣà kò gbọdọ̀ dúró lórí òwe àti oríkì inú rẹ̀ nìkan. Kí ó yí àwo náà sókè, kí ó ka orúkọ tí a kọ sí àárín rẹ̀, kí ó sì bi wọ́n pé: ta ni ó ni èyí? Ìtàn kan wà nínú ìdáhùn rẹ̀ tí kò sí nínú orin.